Ìrìn Àfonífojì Odò Ògùn: Bí Ẹ Ṣe Lè Dé Ọ̀yọ́-Ilé Kí Ẹ sì Rí I

Ẹni mẹ́ta nínú ẹbí mi ló ti lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tó ti di ahoro, tí wọ́n padà wá sọ fún mi pé àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Igbó ni, òkúta ni, oòrùn sì mú. Mi ò bá wọn jiyàn, torí èmi náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ohun tí mo rí ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì ni bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọgbà dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Àbúrò, o tẹ ìkòkò onílé mọ́lẹ̀." Mo wo ilẹ̀. Ohun tí mo rò pé òkúta wẹ́wẹ́ ni, àpáàdì ni gbogbo rẹ̀, ó tú sílẹ̀ lọ bí àgbàdo tí wọ́n sá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn dé ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ fẹ́ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta rin àfonífojì Odò Ògùn, ni mo ń kọ èyí fún. Ògùn ni mo wí o, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe Ògún onírin. Yemọja ló ni odò yìí. Ilẹ̀ wa kì í ṣe aṣálẹ̀, àmọ́ bó bá di àárín ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti jóná, tí odò ti gé sí adágún adágún, ẹni tí wọ́n bá gbé ibẹ̀ kalẹ̀ lójijì lè rò pé aṣálẹ̀ ò jìnnà mọ́. Ọgbà ìjọba tó gba àfonífojì náà, Old Oyo National Park, fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Igbó ọba méjì ni wọ́n so pọ̀, ọ̀kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1936, èkejì ní 1941, kí ìjọba àpapọ̀ tó sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ rìn nínú ìlú Ọ̀yọ́

Ẹ má tíì wá mọ́tò. Ẹ lọ sí ọjà Akẹ̀sán, ẹ dúró, kí ẹ sì kọjú sí ibi tí ààfin wà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí Aláàfin Olúewu ṣubú lójú ogun ní nǹkan bí 1835, tí Ọ̀yọ́-Ilé sì tú, Àtìbà ló fìdí ìjọba kalẹ̀ sí Àgọ́-Ọ̀jà, ibi tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Àwọn tó wá ò rí ilé gbé rù, orúkọ ni wọ́n gbé wá. Akẹ̀sán lorúkọ ọjà Ọ̀yọ́-Ilé. Kòso, ibi ojúbọ Ṣàngó, náà wà lọ́hùn-ún kó tó wà níbí. Ọjà tí ẹ ń wò yìí jóná ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́, kò sì sẹ́ni tó dá a lábàá pé kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà. Ẹ fi ojú wọn bí ọjà ṣe wà sí ààfin, bí ọ̀nà ṣe pín, ibi tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé. Ohun tí ẹ máa wá lórí ilẹ̀ nínú igbó nìyẹn, níbi tí kò ti sí ògiri tó dúró mọ́.

Bí ẹ bá ráàyè wọ àgbàlá ààfin, ẹ wo àwọn kọ̀bì, ìyẹn àwọn òrùlé ààfin tó yọ síta, kí ẹ sì ronú nípa òrùlé. Páànù ló wà lórí ilé púpọ̀ báyìí, àmọ́ koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin láyé ọjọ́un. Ọdún Bẹẹrẹ ni àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ fi ń gbé koríko yìí wá fún Aláàfin. Ìsìn ni, ọdún ni, owó orí sì ni pẹ̀lú. Ẹ fi í sọ́kàn, torí ẹ óò bá bẹẹrẹ náà pàdé, á ga jù yín lọ.

Tó bá bọ́ sí oṣù Kẹjọ, ọdún Ṣàngó lẹ máa bá. UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá ayé ní oṣù Kejìlá 2023. Ó dùn ún wò, àmọ́ oṣù Kẹjọ kì í ṣe oṣù igbó, bí ẹ ṣe máa rí i láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gba àṣẹ

Olú ilé iṣẹ́ ọgbà náà wà ní Ìsokùn, nínú Ọ̀yọ́ níbí. Ẹ lọ fúnra yín. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: ẹkùn wo ló ṣí lásìkò yìí (Ọ̀yọ́-Ilé, Marguba, Tede àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà lára wọn), ẹ̀ṣọ́ wo ló máa bá yín rìn, báwo sì ni ọ̀nà àti ààbò ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an. Ti ọ̀sẹ̀ yìí ni mo wí. Ẹnu oníṣẹ́ ọgbà ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ má gbà á lẹ́nu ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kódà kó jẹ́ èmi. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà sílé. Ẹ san owó tí wọ́n bá dá, ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì fi nọ́ńbà ẹni kan nílé sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá pọ̀ tó ẹgbẹ́ tàbí kíláàsì, ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan oṣù

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin. Oṣù tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún àgbẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún kan, oṣù Keje ni mo kó ọ̀rẹ́ méjì lẹ́yìn, mò ń ṣe bí ẹni tó mọ̀nà torí pé mo ti lọ rí. Ẹrẹ̀ gbé mọ́tò wa mì dé ibi tí ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tó ń bọ̀ láti oko iṣu ló fi okùn àti igi fà wá jáde. A fún wọn lówó, wọn ò gbà. Wọ́n kàn ní ká fún àwọn lómi mu. Omi wa ti tán. Ìtìjú yẹn wọ̀ mí lára ju ẹrẹ̀ lọ.

Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, ọyẹ́ á máa fẹ́ wá láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà. Òwúrọ̀ á tutù, ètè á bó, eruku á sì bo àwọn òkè débi pé fọ́tò ò ní mọ́. Oṣù Kejì ni mo fẹ́ràn jù. Iná á ti kọjá lára koríko, ẹranko á ti máa wá omi, odi tí bẹẹrẹ bò mọ́lẹ̀ ní oṣù Kọkànlá á sì ti fara hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹrù

Omi. Lítà mẹ́rin sí márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí ẹ sì fi àpò píọ̀ wọ́tà kan lé e fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ tí ẹ máa pàdé lọ́nà. Ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ má wọ aṣọ búlúù, ẹ má wọ dúdú. Eṣinṣin tí òyìnbó ń pè ní tsetse fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì, títa rẹ̀ sì máa ń gba inú aṣọ wọlé. Aṣọ aláwọ̀ ewé gbígbẹ ló dára, kí apá rẹ̀ gùn. Ẹ má kàn bú eṣinṣin náà lásán o, torí ó lọ́wọ́ nínú ìtàn Ọ̀yọ́. Ibi tí igi bá ti dí, tó sì tutù, ló ti ń pọ̀. Pápá gbalasa ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òun ló ń kó àìsàn tó ń pa ẹṣin. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní pápá, ẹṣin lè gbé níbẹ̀, ẹṣin ni wọ́n sì fi ń jagun títí dé Dahomey. Inú igbó kìjikìji ní gúúsù, ẹṣin kì í pẹ́ kú. Nítorí náà bí ọ̀kan bá ta yín létí odò, ẹ mọ̀ pé ẹ ò tíì kúrò nínú ẹ̀kọ́.

Yàtọ̀ sí ìyẹn: bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, fìlà, tọ́ọ̀ṣì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oògùn yín, ìwé kékeré àti bírò, power bank. Ẹ gba máàpù sórí fóònù nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lọ. Gààrí àti kúlíkúlí kì í bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọ̀nà wo lẹ máa gbà?

Méjì ni. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan péré, kó gba ìhà Ìsẹ́yìn. Láti Ọ̀yọ́, ẹ óò dé Ìsẹ́yìn níbi tí òfì ti ń dún láti àárọ̀, lẹ́yìn náà ẹ lè lọ wo ìsédò Ìkéré Gorge tí wọ́n fi dá Odò Ògùn dúró, èyí tó lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 mítà onígun mẹ́ta. Ẹ wo bí omi ṣe tẹ́jú láàárín òkè. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà níwájú, ìyẹn ni ẹnu ọ̀nà sí apá òkè odò náà.

Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ gba ọjọ́ méjì, ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni mo máa ń gbà. Ẹ gba Ìkòyí-Ilé kọjá sí Ìgbẹ̀tì. Ìkòyí ni ilé Oníkòyí, olórí àwọn Ẹ̀ṣọ́, jagunjagun Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn tí à ń kì pé ọfà ò gbọdọ̀ bá lẹ́yìn. Ìgbẹ̀tì ni kí ẹ sùn, lábẹ́ àwọn òkè dúdú ńlá tó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jókòó lé ìlú lórí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wa òkúta mábù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ wọ ọgbà, pẹ̀lú mọ́tò tó ga nílẹ̀ àti táyà ìfipààrọ̀ méjì.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan sí i, ẹ yà sí Ìgbòho. Nígbà tí àwọn Tápà lé Ọ̀yọ́ kúrò ní ilé ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n sá sí, Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sì sin sí Igbó Ọba. Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀ wà lára wọn, ẹni tí ìtàn sọ pé obìnrin ni. Ẹ má dá wọ igbó náà; ẹ wá ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kó mú yín wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ jókòó ti odò

Ọ̀pọ̀ àlejò ni kì í ṣe èyí, òun ló sì rọrùn jù. Ẹ dé etí odò kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, ẹ jókòó síbi tí ẹ̀ṣọ́ bá fi hàn yín, ẹ má sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Fóònù á wà lápò.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Iyanrìn etí odò máa ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá mu omi lóru. Pátákò méjì tó ṣe ṣóńṣó, ti ìgalà ni. Bí ilẹ̀ bá rí bí ibi tí ẹnì kan ti fi ọkọ́ tú, ìmàdò ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gbójú sókè: lékeléke, àgbìgbò tó ń fò bí ẹni tó ń wa ọkọ̀, awó tó ń sáré lọ ní ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé tó ti pẹ́. Ìjímèrè á sọ̀ kalẹ̀, á rìn nílẹ̀ ju bó ṣe ń gun igi lọ. Ẹfọ̀n wà nínú igbó náà, mi ò sì gbàdúrà kí ẹ rí i nítòsí.

Ẹ wo igi pẹ̀lú. Létí omi, igi dí, ó sì tutù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún síta, ó di àyin, ìyá, emi àti irúgbá, tí wọ́n jìnnà síra wọn bí ẹni tó ń yan odì. Ìgbésẹ̀ ọgọ́rùn-ún yẹn ló fi àfonífojì hàn yín.

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀ kí n tó lọ, tó sì ṣì ń dùn mọ́ mi. Odò Ògùn ń ṣàn láti ìhà Ṣakí lọ sí gúúsù, ó kọjá Abẹ́òkúta, ó sì wọ ọ̀sà ní Èkó. Àmọ́ ní apá àríwá ọgbà yìí kan náà, odò Tesi ń ṣàn lọ sí Odò Ọya, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Òjò kan náà rọ̀ sórí òkè kan náà: èyí tó dà sí gúúsù di omi Yemọja, èyí tó dà sí àríwá di omi Ọya. Ìlú ọkọ Ọya sì wà láàárín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ka ìlú lórí ilẹ̀

Ní oṣù Kìíní 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, wọ Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Ó bá ọba, ó bá ọjà, ó bá odi. Richard Lander tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tún padà wá ní 1830, òun àti àbúrò rẹ̀ John. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn tí ìlú náà dahoro. Ilé amọ̀ kì í dúró láìní onílé: òrùlé á kọ́kọ́ jó tàbí kó jẹrà, òjò á wá nà ògiri títí á fi di òkìtì. Nítorí náà, ẹ má wá ilé. Àmì ni kí ẹ máa wá.

Igi oṣè ni ẹ máa rí ṣáájú, torí ó ga, ó sì sanra. Ní pápá wa, ibi tí oṣè bá dúró sí máa ń jẹ́ ibi tí èèyàn gbé rí. Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta tó súnmọ́ra, ẹ rọra máa tẹlẹ̀ níbẹ̀.

Odi ló tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ebè ńlá kan ni, tàbí ibi tí ọ̀gbàrá gbẹ́. Ọ̀gbàrá máa ń wọ́, ó máa ń yí. Yàrà tí èèyàn gbẹ́ máa ń lọ tààrà tàbí kó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òkìtì amọ̀ tí wọ́n kó jáde á sì bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ rìn lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìyà. Ìgbà yẹn ni iye apá àti ọkọ́ tó ṣe é máa tó ó wọ̀ yín lórí.

Àpáàdì wà níbi gbogbo. Ẹ yí wọn padà lójú kan náà, ẹ wo ọnà tí wọ́n fi okùn tàbí agbado ṣe sí ara wọn, ẹ yà wọ́n ní fọ́tò pẹ̀lú bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìwọ̀n lè hàn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Èyí tó bá ti kúrò ní ojú ilẹ̀ rẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ò lè bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Frank Willett wú ilẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, ó sì rí òkúta kéékèèké tí wọ́n fi ṣe irinṣẹ́ nínú ihò àpáta Mejiro, láti ayé tí irin ò tíì sí, tí kò tíì sí Ọ̀yọ́.

Ọlọ ni mo fi kẹ́yìn nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó ti ń ráhùn láti òwúrọ̀. A dé orí àpáta kan tó tẹ́, kòtò gbọọrọ wà lára rẹ̀ bíi méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá láti ìgúnwọ́ dé ìka. Ó fi ọwọ́ pa inú ọ̀kan. Ó ń dán bí inú àwo.

"Àǹkú, ta ló gbẹ́ ẹ?"

Bàbá ẹ̀ṣọ́ ló dá a lóhùn. "Wọn ò gbẹ́ ẹ. Wọ́n lọ ọkà bàbà níbẹ̀ títí ó fi jìn."

Ọmọ náà dákẹ́. Ó já píọ̀ wọ́tà rẹ̀, ó da díẹ̀ sínú kòtò náà, omi náà dúró síbẹ̀, kò jò. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti omi náà síwá, ó fà á sẹ́yìn, bí ẹni tó ń lọ nǹkan. Kò tún ráhùn mọ́ títí a fi délé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwọn èèyàn

Ẹ má yọ fóònù kí ẹ tó kí èèyàn. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni: "Kí lorúkọ òkè yìí, ta ni kì í sì í gùn ún?" Apá kejì ló máa ń mú ìtàn jáde. Bí ẹni méjì bá sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má bá wọn parí rẹ̀.

Lẹ́bàá Ìgbẹ̀tì, mo bá ìyá kan tó ń po òrí. Ó ti yan kóró emi, ó ti gún un, ó ti lọ̀ ọ́, ó wá ń fi apá lú u nínú ọpọ́n ńlá, ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Òrí náà pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, fọwọ́ kan án." Mo lù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, èjìká mi ń pariwo. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó ń bá a lọ, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa àwọn bàbá rẹ̀ tó wá láti ìhà Ọ̀yọ́-Ilé. Láàárín ọ̀rọ̀ ni àwọ̀ òrí náà yí padà lójú mi: ó ṣá, ó di eérú, ó di funfun, ó sì léfòó. Ó kó o sínú ìkòkò, ó gbé e kaná. Kò wo aago rárá.

Ẹ ra òrí lọ́wọ́ ẹni tó po ó, ẹ má ná an jù.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an

Kí oorun tó gbé yín, ẹ kọ orúkọ sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan: ibo ni, ìhà wo lẹ kọjú sí, ta ló sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá fi di ọ̀la, gbogbo àpáta á jọra wọn. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹ̀ṣọ́ tó mú yín rìn, òun náà ń kó tirẹ̀ jọ.

Fóònù ìyá tó po òrí kì í ṣí fọ́tò. Mo tẹ tiẹ̀ sórí páálí lọ́dọ̀ afọ́tò kan ní Akẹ̀sán, mo fi rán awakọ̀ tó ń ná Ìgbẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ kejì, awakọ̀ náà gbé igbá kékeré kan wá bá mi ní gáréèjì, wọ́n fi ewé dì í, òrí ló kún inú rẹ̀. Ó ní ìyá ní kóun sọ fún mi pé apá òun ò tíì dun òun.